Ìwé Àṣẹ Ọdẹ Nedra Kimsey

Nedra Kimsey kò yìnbọn rí láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Haskett, ìlú kékeré orí òkè kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì fẹ̀yìn tì láìgbá ẹnikẹ́ni, láìtẹ ajá ẹnikẹ́ni pa. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Kò lọ́kọ. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní, Vaughn, kú ní oṣù kọkànlá tó kọjá.

Ohun kan ló fẹ́ràn. Bó bá ti di oṣù kẹrin ọdún, á wa ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ẹranko ìjọba ní Tanner kí ilẹ̀ tó mọ́, á dúró síbi òkúta mẹ́ta, á sì máa wo àwọn àparò ńlá tó ń jó. Ọdún kìíní tó lọ, akọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kà. Ní èṣí, mẹ́rìnlá.

Ìjọba ló ni ilẹ̀ Tanner, àmọ́ owó ìwé àṣẹ àwọn ọdẹ ni wọ́n fi rà á, òun náà ni wọ́n fi ń tún ọgbà rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá dọdẹ kì í san nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Á kàn wọlé ni. Ọdún tó kọjá ni wọ́n kan pátákó mọ́ ẹnu géètì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ì báà rìn, ì báà gun ẹṣin, ì báà kàn jókòó wòran, ó gbọ́dọ̀ ra ìwé ìwọlé, àfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàbí ti ẹja pípa. Ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ láìní ìwé, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà mọ́ títí ọdún á fi yípo.

Wọ́n ti kọ orúkọ Nedra lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn nìyí. Ó mọ̀, ó sì tún wá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í fi oṣù kẹrin kan tọrẹ, àgàgà nígbà tí ẹyẹ ku mẹ́rìnlá.

Ìwé ìwọlé náà kò wọ́n. Owó kọ́ ló dí i lọ́wọ́. Ó ti búra níwájú ìlú, láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, pé òun kò ní san sẹ́ǹtì kan láéláé láti fi ojú òun wo nǹkan. Ìbúra yẹn àti ẹyẹ yìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì mọ èwo.

Ní Tanner, òfin àwọn ẹyẹ le ju òfin ìjọba lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n gbọ́dọ̀ dé kí ìràwọ̀ tó wọ̀. Á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, á jókòó. Láti ìgbà tí àparò àkọ́kọ́ bá ti balẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn á fi fò lọ, kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ tan iná, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, wá agolo. Nedra ní agolo kọfí kan lẹ́yìn ìjókòó fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni fi ṣe àwàdà.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó da kọfí sínú ìdérí fúláàsì. Òórùn ewé sééjì, igbó kúkúrú tó bo ilẹ̀ náà, wọlé látojú gíláàsì, òórùn kíkorò tó tutù, bí egbòogi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Ìkùukùu wà nílẹ̀, ó mọ níwọ̀n orúnkún. Lókè, ìràwọ̀ ṣì kún.

Ẹnìkan fi ìka kan gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kejì.

Desi Archuleta ni, ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní géètì, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá kó má bàa dẹ́rù ba ẹyẹ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì Nedra ló ń gbé e lọ sílé ìwé. Ìjókòó kẹta, apá òsì. Nedra kò gbàgbé ìjókòó ọmọ kankan, òun ló sì fi ń pè wọ́n títí dòní.

"Ẹ káàárọ̀, Mísì Nedra."

"Àárọ̀ wo? Wọlé. Má jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn dún."

Desi wọlé, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra jẹ́jẹ́. Orúnkún rẹ̀ kan àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó náà.

"Ẹ tún wá lóòótọ́," ó ní.

"Ojú ẹ dáa nígbà náà."

"Mo sọ fún yín, mà. Mo ní tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì…"

"Mo gbọ́ ẹ nígbà yẹn. Bírò ẹ dà? Kọ ọ́ kíá, kí n lè rójú wòran. Tó bá jẹ́ òní ló kẹ́yìn fún mi, jẹ́ n wò ó tán."

"Bírò wà lápò. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀." Desi fi ọwọ́ nu imú. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré bó bá fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan. "Mo fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n pè mí lánàá. Wọ́n ní kí ló dé tí mò ń yọ ọdẹ lẹ́nu."

"Ọdẹ wo?"

"Ẹ̀yin, mà."

Nedra gbé kọfí kúrò lẹ́nu. "Kẹta, ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?"

"Mi ò mu nǹkan kan. Ó wà lórí ẹ̀rọ wọn. Ìwé àṣẹ ẹran wẹ́wẹ́, ehoro àti àparò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, ilé yín. Èyí tó kẹ́yìn ló parí ní ìparí oṣù kẹta. Ìyẹn ni pé lóṣù kẹrin èṣí, nígbà tí ẹ jókòó síbí yìí, ẹ ní ìwé. Òní lẹ ò ní."

"Mi ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí."

"Mo mọ̀. Mo ní, Mísì Nedra kẹ̀? Ẹni tí ń dá bọ́ọ̀sì dúró fún ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Wọ́n ti ṣi orúkọ mú."

"Nedra Kimsey mélòó ló wà ní Haskett, mà?"

Ó fẹ́ fèsì. Nígbà náà ni nǹkan kan balẹ̀ sínú ìkùukùu níwájú wọn, *pọ̀ọ́*, bí ìgbà tí ènìyàn ju fìlà sílẹ̀. Nedra gbé ìka kan sókè. Ọ̀rọ̀ tán.

Ojú kọ́ ló ń kọ́kọ́ rí wọn. Etí ni. Ohùn wọn dà bí omi tó ń jáde lọ́rùn akèrègbè nínú iyàrá kejì, *gbù-lú*, ó dákẹ́, *gbù-lú-gbù*. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ohun funfun kan á fò fẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, á lọ, á bọ̀, bí ẹ̀wù tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Àyà àparò nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ìrù á yọ, ó nà ṣánṣán bí ìtànṣán oòrùn tí ọmọdé yà sára ògiri. Ọgbọọgba làparò ń ga, àfi èyí tó bá gorí ebè. Kò sí ebè ní Tanner. Èyí tó bá fẹ́ ga á fẹ́ àyà ara rẹ̀.

Wọ́n ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn abo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣa ewé jẹ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Nedra ń kà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lójú kan.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọdún náà ju ìpàdé tó ti búra lọ.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe é, ní oṣù kẹwàá, àwọn ọdẹ sì kún ibẹ̀. Wọ́n ń jíròrò ọgbà Tanner tó ti wó. Burl Stucky dìde. Ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń sanwó wáyà? Àwa. Ta ló ń sanwó ọ̀nà? Àwa. Àwọn kan á wá jókòó, wọ́n á fi awò awọ̀nàjíjìn sójú, wọ́n á jẹ ohun tí a sè, wọn ò sì ní fọ àwo." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo gbọ̀ngàn wo Nedra. Òun nìkan ni awòran tó wà níbẹ̀.

Nedra wo Vaughn. Ọdẹ ni Vaughn, ọdẹ gidi, ẹni tí àwọn yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu rẹ̀ ì bá ti tó. Vaughn wo inú fìlà rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Ni Nedra bá dìde. Ó ní, "Burl, ojú kì í jẹ nǹkan tán. Mo ti ń wo òkè yẹn láti ọmọdé, kò dín. Ẹ gbọ́, gbogbo yín: títí mo fi máa kú, mi ò ní san sẹ́ǹtì kan fi wo ohun tí Ọlọ́run gbé síta." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Òun àti Vaughn kò jà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Vaughn ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹran màlúù yíyan àti ànàmọ́, àti páì bí èso bá wà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n á sọ̀rọ̀ eékún. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn jókòó sáàárín wọn bí ẹnì kẹta tí wọn kò bu oúnjẹ fún. Títí wọ́n fi sin Vaughn ló wà níbẹ̀.

*Gbù-lú.* Ìràwọ̀ ti ń rẹ̀. Ìkùukùu ti di àwọ̀ wàrà, àwọn ẹyẹ ń yọ lójú rẹ̀, wọ́n ń rì sínú rẹ̀. Ó rí bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn, tí wọ́n sì ń jó nínú orun rẹ̀.

Nínú orun yẹn, tàbí lẹ́bàá rẹ̀, ohun kan yọ sí Nedra lọ́kàn. Ní oṣù kẹta kọ̀ọ̀kan, Vaughn a máa wá yá pikọ́ọ̀pù Nedra fún ọjọ́ kan. Á ní òun fẹ́ fi gbé iyọ̀ màlúù. Á fọ ọ́ kó tó dá a padà. Nedra rò pé bí ó ṣe ń tọrọ àforíjì nìyẹn, kò sì béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Vaughn ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì tóbi ju ti Nedra lọ ní ìlọ́po méjì. Kí ni ọlọ́kọ̀ ńlá ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe?

Àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ sì tún ni. Vaughn ló tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe nígbà kan, láti ìgbà náà kò ṣí fún Nedra mọ́. Ó ti gbá a, ó ti bú u, ó ti fi í sílẹ̀.

Ó yí ojú sí i. Ó wà níbẹ̀ lójú orúnkún Desi, kò ju ìwọ̀n apá lọ. Bó bá gbá a nísinsìnyí, gbogbo ẹyẹ á fò, wọ́n sì lè má padà wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ abẹ́ itan.

Oòrùn yọ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Kò rí ohun tó gùn tó ìyẹn rí.

Ìgbà tí ojú ti mọ́ kedere, Desi na ìka mẹ́wàá, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Nedra mi orí. Ó na mẹ́wàá àti márùn-ún.

"Níbo?" Desi fi ètè wí i láìfọhùn.

"Ẹ̀yìn òkúta àárín. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ kan ti ṣẹ́."

Desi gbé awò sójú fún ìgbà pípẹ́. Ó tún ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ṣe.

Òjìji idì kan ló parí ijó. Ó kàn kọjá lórí ilẹ̀ ni, idì fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n di òkúta, wọ́n di koríko. Lẹ́yìn náà wọ́n gbéra pọ̀, apá wọn ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn aṣọ, wọ́n kọjá lórí òkè. Pápá ṣófo.

"Ṣí àpótí yẹn," ni Nedra wí.

"Èyí?"

"Gbá a. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni Vaughn máa ń gbá."

Desi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Kò ṣí. Nedra mú sukudiráfà lábẹ́ ìjókòó fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ ojú ìlà rẹ̀, ó yí i, ilẹ̀kùn àpótí já bọ́ sórí orúnkún rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kan wà nínú rẹ̀, àti ìwé tí wọ́n fi rọ́bà dì. Bí Nedra ti fọwọ́ kan rọ́bà náà ló já. Ó ti gbó.

Ó kà wọ́n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Eku ti jẹ etí méjì nínú wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátá nìkan ni ti oṣù kẹwàá, déètì rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kejì ìpàdé gbọ̀ngàn. Ti oṣù kẹta ni gbogbo ìyókù.

Ó ka ọ̀kan jáde, ó rọra ń kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Nedra Kimsey. Gíga, ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínṣì mẹ́rin. Ìwọ̀n, àádóje pọ́ùn. Ojú, búlúù. Irun, pupa." Ó mú òmíràn. "Irun, pupa." Ó mú ti èṣí. "Àádóje. Pupa." Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ti sí irun pupa kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ó ń rà á fún yín," ni Desi wí.

"Mo ríran, Kẹta."

 Ìkùukùu ń gòkè lọ, ó ń fi ewé sééjì sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó kẹ́yìn ti parí náà," ni Desi wí nígbà tó yá. "Bí mo bá kọ òní sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní wáyà ọgbà kan láti yẹ̀ wò lápá àríwá. Mi ò ní dé ọ́fíìsì ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Ohun tí mo bá bá lórí ẹ̀rọ nígbà yẹn ni mo máa kọ."

"Ṣé ìwọ lo bì sínú bọ́ọ̀sì mi lọ́jọ́ àjọ̀dún ìkórè, àbí ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Mi ò sọ fún ìyá ẹ."

"Ẹ ò sọ, mà," ni Desi wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Fern Odegaard ló ń ta ìṣó, wáyà, oúnjẹ ẹran àti ìwé àṣẹ ní Haskett. Ó ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ, ó bá Nedra lẹ́nu ọ̀nà. Nedra wọlé, ó jókòó sórí àpótí iwájú káńtà, ó to ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà síwájú Fern. 

Fern bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Àpótí ọkọ̀ ẹ ti ṣí, àbí?"

"Sukudiráfà la fi ṣí i. Fern, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lo fi ń kọ ọ́ pé irun mi pupa."

"Vaughn ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní, Vaughn, ṣé o ti wo orí Nedra láìpẹ́? Ó ní èmi ni mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, kọ pupa."

"Kí ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Mi ò tíì gbálẹ̀ tán tó dé. Kò jọ ẹni tó sùn. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ pé bí Burl tàbí ẹnikẹ́ni bá tún la ẹnu pé o kì í sanwó, kò ní jẹ́ òótọ́." Fern rọra ń to àwọn ìwé náà bí ẹni tó ń to káàdì. "Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní, 'Bí mo bá sọ fún un, á ya á. Bí mi ò bá sọ, á bínú sí mi. Ìbínú kì í ya ìwé.'"

Nedra wo ògiri. Kàlẹ́ńdà oúnjẹ ẹran wà níbẹ̀, ti èṣí, àwòrán màlúù kan sì wà lórí rẹ̀. 

"Mo bínú dáadáa," ó ní. "Mi ò bọ́ ọkùnrin yẹn ní oúnjẹ tí kò jinná rí, àmọ́ mo bínú."

"Ó mọ̀. Ó ní páì ẹ ṣì dùn." Fern fa ẹ̀rọ mọ́ra. "Ti ẹran wẹ́wẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá. Mi ò yìnbọn. Ìwé ìwọlé ni kí o fún mi, ti awòran."

"O búra lójú gbogbo wa. Mo wà níbẹ̀."

"Mo búra pé mi ò ní sanwó wòran. Ó dà bíi pé mo ti ń san án láti ọjọ́ kejì." Ó gbé àpò sórí itan. "Kọ ọ́, Fern. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án."

Fern tẹ ẹ̀rọ. "Gíga?"

"Kọ ínṣì mẹ́ta. Mo ti sún kì."

"Ojú, búlúù. Irun?"

Nedra ṣí fìlà. "Kọ funfun."

Fern kọ ọ́. "Ìwọ̀n?"

"Kọ ohun tí Vaughn kọ."

Fern wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ àádóje. Ìwé jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣì gbóná. Nedra san owó rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Fern fún un ní rọ́bà tuntun.

"Dúró mu kọfí."

"Mo ti mu. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jó láàárọ̀ yìí, Fern. Ọ̀kan lé."

Ó di rọ́bà mọ́ ìwé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà, ó dé fìlà, ó dìde, ó lọ.